Ara Yíyún Láàárín Itan: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Àárín itan kì í rí atẹ́gùn tó. Òógùn ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, ṣòkòtò ń ha á, awọ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń ro oko láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ibẹ̀ lè yún un lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni pé ọ̀pọ̀ wa ti máa ń fi nǹkan pa á kí a tó mọ ohun tó fà á.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ oko ló fà á

Ní àsìkò kajú, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín. Epo tó wà nínú èèpo kóró kajú máa ń jó ara. Awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn, ó lè gbà á mọ́ra. Awọ abẹ́ kò lè gbà á. Àgbẹ̀ tó ti ń já kóró kúrò lára èso láti òwúrọ̀, tó wá dúró sẹ́bàá igi láti tọ̀, tó sì fi ọwọ́ yẹn mú nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, lè rí i lọ́jọ́ kejì pé ibẹ̀ wú, ó ń ta á, ó sì ń ṣomi. Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í sì í ṣe mágùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí tọkọtaya má torí rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Oje tó ń jáde nídìí máńgòrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìdílé igi kan náà ni òun àti kajú. Ẹ gbé ọṣẹ àti kẹ́ẹ̀gì omi lọ sóko, kí ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó tọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán nìkan.

Oògùn apakoríko àti oògùn kòkòrò le ju ìyẹn lọ. Bí tánkì ẹ̀yìn bá ń jò, omi oògùn á gba ìbàdí wọ inú ṣòkòtò, a ó sì máa báṣẹ́ lọ torí a rò pé òógùn ni. Awọ àpò kórópọ̀n máa ń fa oògùn wọ inú ara ju awọ apá lọ fíìfíì. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fín èyí tó kù tán. Ẹ bọ́ aṣọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Paraquat, oògùn apakoríko kan tí NAFDAC ti fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, lè gba ojú ara tó bó wọlé kó sì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó bá dà sí lábẹ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, bí kò tiẹ̀ tíì dùn ún.

Làpálàpá

Òun ló wọ́pọ̀ jù. Á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí itan ti pàdé abẹ́, á máa ràn róbótó bọ̀ wá sórí itan. Etí rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, á máa ṣí èépá, àárín rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé ó ti ń san. Lára ènìyàn dúdú, kì í sábà pọ́n. Ńṣe ni ibẹ̀ máa ń ṣú. Kì í sábà dé àpò kórópọ̀n. Bí àpò náà bá ń bó, tí ibẹ̀ rin, tí nǹkan kéékèèké sú káàkiri etí rẹ̀, ó lè jẹ́ candida, àìsàn awọ mìíràn tó jọ làpálàpá, èyí tó máa ń yọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lẹ́nu.

Ìpara clotrimazole sábà máa ń wo méjèèjì. Ẹ fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kó kọjá etí rẹ̀ bí ìbú ìka kan. Yíyún ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ má torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú. Bàtà rọ́bà máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ rin kó sì bó, ara pátá ni àìsàn náà sì ń gbà gòkè nígbà tí a bá ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ tọ́jú méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ pátá.

Ẹ bá mi ka ẹ̀yìn páálí ìpara tí wọ́n bá tà fún yín ní kẹ́míìsì. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone níbẹ̀, ẹ má fi pa làpálàpá, bó ti wù kí oògùn làpálàpá wà nínú rẹ̀. Yíyún á rọlẹ̀ kíá, inú yín á dùn, àmọ́ làpálàpá á máa ràn lábẹ́lẹ̀. Awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ sí i, ìlà á sì yọ sí itan bíi ti ikùn abiyamọ, ìlà yẹn kì í sì í parẹ́. Kẹrosíìnì, omi bátìrì, apakòkòrò tí a kò bomi là: ẹ má fi èyíkéyìí kàn án.

Bó bá jẹ́ òru ló ń yún jù, tó sì wà láàárín ìka ọwọ́ àti lára àwọn ará ilé mìíràn, kúrúnà ni ẹ máa fura sí. Gbogbo ilé ni yóò fi oògùn rẹ̀ para lọ́jọ́ kan náà, bí ara ẹlòmíràn kò tiẹ̀ yún un.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Bí ìpara kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Egbò lójú abẹ́, omi tàbí ọyún tó ń jáde, kókó tó so sí itan, tàbí ara sísú pẹ̀lú ibà, dókítà ló ni ìyẹn, kí ọkọ àti aya sì jọ lọ.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la ni abẹ́ tó ń wú kíákíá, tó ń dunni ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ, tó ń dúdú tàbí tó ń rùn, pẹ̀lú ibà. Ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bákan náà ni kórópọ̀n tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọkùnrin gan-an: láàárín wákàtí 6 ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà kí kórópọ̀n náà má bàa kú. Láti Ajáàwà tàbí Ìkòyí-Ilé, ẹ má fi òru ṣàwáwí; ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH tàbí ti Bowen nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mú páálí ìpara tàbí ìgò oògùn oko tí ẹ ti lò dání, kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.