Owó ilé ò pọ̀ sí i, owó alábòójútó ń pọ̀: bí mo ṣe yẹ REIT ẹgbẹ́ wa wò

Èrè tí REIT san fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ́dún tó kọjá kéré sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé aláwòrán tí àwọn alábòójútó rẹ̀ fi ránṣẹ́ ń pariwo pé ọdún náà dára, pé èrè ti ru gọ̀ọ̀. Ní ìpàdé wa ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú dìde, ó ní, "Akápò, èrè tí wọ́n ní ó ru yìí, ilé ta ló ru gbà?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi akápò ò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni wọ́n dojú kọ.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, REIT ni pé kí ọ̀pọ̀ èèyàn dáwó jọ, kí ilé-iṣẹ́ kan, òun ni alábòójútó, fi ra ilé ńláńlá, kí wọ́n máa pín owó ilé tó bá wọlé. Ẹyọ tiwa ń tà ní NGX, ọjà ìpín ti Nàìjíríà, bí ìpín ilé-iṣẹ́ yòókù.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo ń wá: ìwé ìṣirò owó tí ọ́dítọ̀ buwọ́ lù, pẹ̀lú àwọn àlàyé wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé aláwòrán yẹn ò ní àlàyé kankan nínú, fọ́tò ilé àti fọ́tò ọ̀gá ló kún un. Mo pe ọ́fíìsì alábòójútó l'Ékòó. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú sà, ọ̀dọ̀ registrar lẹ máa lọ." Registrar, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ orúkọ àwọn tó ní ẹyọ sílẹ̀, ní kí n mú lẹ́tà ẹgbẹ́ wá, kí ààrẹ àti akọ̀wé buwọ́ lù ú, kí òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. A ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ó ku ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

CAC kẹ̀! Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Abẹ́ òfin alájẹṣẹ́kù ti ìpínlẹ̀ la wà, ọwọ́ ìjọba Ògùn ni ìwé ẹ̀rí wa ti wá. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Ọmọkùnrin orí fóònù náà ní kọ̀ǹpútà àwọn ò lè gbà á láìsí nọ́ńbà RC tí CAC ń fún ilé-iṣẹ́. Mo ní, "Nígbà tí a ń sanwó, kọ̀ǹpútà yẹn gbà á." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́. Mo fi í ránṣẹ́, ó padà wá bá mi, pé àpótí wọn ti kún.

Mo gba Òkè-Mọ́sàn lọ, ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n lè kọ lẹ́tà fún mi pé ẹgbẹ́ wa ń bẹ lóòótọ́. Wọ́n ṣe mí dáadáa níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó tẹ lẹ́tà fi dáàṣì sáàrin "Multi-purpose" tó wà nínú orúkọ wa, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹyọ wa kò sì ní dáàṣì. Registrar dá lẹ́tà padà. Nítorí dáàṣì! Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ẹgbẹ́ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí ara lè tù mí ni, èmi ni mo wá ń sáré ká ìlú nítorí ilà tí kò gùn tó èékánná.

Ibi tí mo ti ń tẹ ìwé ìbúra yẹn ní Pánṣẹ́kẹ́ ni ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti bi mí léèrè ohun tó dé. Mo sọ fún un. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe èyí?" Ìwé ìṣirò owó náà ni, odindi, lórí íntánẹ́ẹ̀tì NGX. REIT tí ẹyọ rẹ̀ bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kó ìwé owó rẹ̀ síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti kà, láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo àwọn tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ l'Ékòó, owó wa ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn, kò sí ọ̀kan tó lè là á fún mi.

Jíọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò kọ́ ìṣirò owó. Síbẹ̀ mo jókòó ti ìwé yẹn, mo sì rí ohun tí ìyá alàdìrẹ ń bèèrè. Èrè tó ru, orí ìwé ló ru sí. Àwọn ayẹ̀léwò ní iye tí àwọn ilé náà tó ti pọ̀ sí i, òfin ìṣirò owó, IAS 40, sì gbà kí wọ́n ka àfikún yẹn mọ́ èrè ọdún bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ta ilé kankan. Owó gidi tí ayálégbé san kò kúrò lójú kan, àwọn ilé kan tiẹ̀ ṣófo.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: orí iye tí ilé tó ni wọ́n ti ń ṣírò owó iṣẹ́ alábòójútó. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye tiwọn gan-an. Ká ní ilé tó bílíọ̀nù 20 náírà, kí owó iṣẹ́ jẹ́ 1.5%, mílíọ̀nù 300 nìyẹn. Ká ní owó ilé tó wọlé jẹ́ bílíọ̀nù 1.2: ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Lọ́dún kejì, ayẹ̀léwò ní ilé ti di bílíọ̀nù 26. Owó iṣẹ́ di mílíọ̀nù 390, owó ilé ṣì wà ní 1.2. Agẹ́ǹtì tó ń bá mi mójú tó yàrá méjì tí mo ní ní Àsẹ̀rò, orí owó tó bá gbà ló ti ń yọ tirẹ̀. Bí ayálégbé ò bá san, òun náà á gbààwẹ̀.

Òfin kan wà tí mo fi yẹ̀ wọ́n wò. Finance Act 2019 ló mú un wọlé pé tí REIT bá pín ó kéré tán 75% owó ilé àti èrè ìpín tó gbà láàárín oṣù 12 lẹ́yìn ìparí ọdún ìṣirò rẹ̀, kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin REIT ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, 90% ni. Tiwa ò rú òfin. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá ti jẹun kúrò lórí owó kó tó kàn wá ti pọ̀ jù: ilé-iṣẹ́ tó ń tún àwọn ilé náà ṣe, ọmọ ìyá alábòójútó ni. Ojú ewé tí wọ́n ti kọ ìbátan wọn sí wà lẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ẹ fi fọ́tò ọ̀gá sílẹ̀.

Akọ̀wé wa, ẹni tí orí rẹ̀ pé, ní bó bá jẹ́ pé alábòójútó ló ń jẹ ẹran, ká kúkú lọ ra ìpín alábòójútó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo yẹ ìyẹn náà wò: ìpín wọn ò sí lọ́jà, REIT kan ṣoṣo yìí ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn wọlé. Lọ́jọ́ tí àwa olówó bá dìbò yọ wọ́n, kí ló kù? Mo ní a ò rà.

Bẹ́ẹ̀ la ò ta ẹyọ wa. Iye tó ń lọ lọ́jà kéré gan-an sí iye tí ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó, ta ló máa ta nǹkan rẹ̀ lọ́pọ̀? A kàn ní a ò ní fi kún un. A kọ̀wé sí trustee, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ alábòójútó nítorí tiwa, pé kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbòò pé orí owó ilé tó bá wọlé ni kí owó iṣẹ́ máa dúró sí. A fi dáàṣì sínú orúkọ ẹgbẹ́ nínú lẹ́tà kan, a yọ ọ́ nínú èkejì, a fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.