Agbádá Òfì Bàbá Yín: Ṣé Ó Tó Gbé Lọ Bá Télọ̀?

Ẹ má tíì bi èmi télọ̀ ní iye tí màá gbà láti tún un ṣe. Ẹ gbé agbádá náà sókè, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí oòrùn. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni òwú ti máa ń kọ́kọ́ gé, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò fẹ́ràn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa èjìká rẹ̀ wò, jẹ́jẹ́ o. Bí ẹ bá ń gbọ́ tàì-tàì, ẹ ká a padà. Òwú tó ti kú kò ṣe é rán.

Bó bá yè é, ẹ wo irú aṣọ tó jẹ́. Ẹ yọ fọ́nrán òwú kan nínú ìṣẹ́tí, kẹ́ ẹ ṣáná sí i níta. Sányán gidi, tí wọ́n ran láti inú ilé kòkòrò inú igbó, a máa rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀, ṣáínṣáín ni, ìyẹn òfì olówùú dídán. Fún ṣáínṣáín, bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tuntun, ẹ ra tuntun. Ti sányán yàtọ̀: bí owó iṣẹ́ bá tiẹ̀ tó owó tuntun pàápàá, màá ní kẹ́ ẹ san án, torí àwọn tó ń ran òwú yẹn kò pọ̀ mọ́.

“Ó fẹ̀ jù mí” ni ẹjọ́ tí mò ń gbọ́ jù. Agbádá tí kò fẹ̀, ṣé agbádá nìyẹn? Ẹ ká a lé èjìká ná, kẹ́ ẹ wo dígí. Tó bá ṣì bò yín mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀ di òfì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Màá tú awẹ́ kan kúrò lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, sísọ́ọ̀sì kò ní kan aṣọ rárá. Iṣẹ́ yìí kò wọ́n.

Gígùn tó pọ̀ jù náà, ẹ ṣẹ́ ẹ sókè. Àmọ́ kíkúrú! Òfì tuntun tẹ́ ẹ bá fi kún un kò lè bá àwọ̀ àtijọ́ dọ́gba. Àlẹ̀mọ́ ni yóò jọ lójú gbogbo ará òde. Ọrùn tó fún ló sì burú jù: iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó wà láyà ni fífẹ̀ rẹ̀ máa gé, owó ẹni tó máa tún un ṣe sì lè ju gbogbo ìyókù lọ. Níbẹ̀, mo máa ń dá oníbàárà padà.

Ẹ má náwó lé bùbá àti ṣòkòtò àtijọ́. Ẹ ra gíníì tó bá a mu, ẹ fi rán méjèèjì. Abẹ́ agbádá náà ni wọ́n á wà.

Ẹ dúnàádúrà tán kí télọ̀ tó tú okùn kankan. Ẹ sì gba awẹ́ méjì tó yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tó fìlà kan dáadáa, àwa télọ̀ kì í sì í gbàgbé ìyẹn.