Bí a ṣe ń mọ orílẹ̀-èdè tí agbágọ́ọ̀fù lè gbá fún

Gary Player, ọmọ South Africa tó gba ìdíje ńlá mẹ́sàn-án, kò gbá Ryder Cup, ife gọ́ọ̀fù tí ikọ̀ ń dù, rí, nítorí kò sí ikọ̀ tí òfin ife náà lè fi í sí. Rory Sabbatini, tí wọ́n bí sí Durban, bá Trevor Immelman gba World Cup gọ́ọ̀fù fún South Africa ní 2003, ó sì tún gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Slovakia ní Olympics Tokyo ní 2021. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé nínú méjèèjì. Ife kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá sì fi òfin ọ̀kan wo òmíràn yóò ṣìnà. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, bóyá ọmọ yín ló ń gbá a, bóyá ẹ kàn fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi mú ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Irú ife wo ni?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó béèrè páṣípọ́ọ̀tù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń kojú ẹni.

Ní Olympics, orílẹ̀-èdè ló ń kojú orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìdíje ikọ̀ tí IGF, àjọ tó ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù lágbàáyé, ń ṣe: Eisenhower Trophy fún ọkùnrin láti 1958, àti Espirito Santo Trophy fún obìnrin láti 1964. Ní Ryder Cup àti Solheim Cup ti àwọn obìnrin, Amẹ́ríkà ló ń kojú Yúróòpù. Presidents Cup, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, jẹ́ Amẹ́ríkà àti ìyókù ayé, láìsí Yúróòpù níbẹ̀. Walker Cup ti àwọn ọkùnrin àti Curtis Cup ti àwọn obìnrin sì jẹ́ Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì pẹ̀lú Ireland.

Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dojú rú jù. Ẹ wo Justin Rose: ó gbá Walker Cup ní 1997 fún Bìrìtéènì pẹ̀lú Ireland, ó gbá World Cup fún England, ó gbá Ryder Cup fún Yúróòpù, ó sì gba wúrà Olympics ní Rio ní 2016 fún Bìrìtéènì. Aṣọ mẹ́rin ló wọ̀, kò sì pààrọ̀ ìwé kankan. Láti 2002 ni England, Scotland, Wales àti Ireland ti ń lọ sí Eisenhower lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ikọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Òfin ife náà tún máa ń yí padà. Ìwé tí wọ́n fi dá Ryder Cup sílẹ̀ sọ pé kí agbágọ́ọ̀fù jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ tó ń gbá fún, kó sì máa gbé níbẹ̀. Ní 1931, ìyẹn ló yọ Percy Alliss, tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, àti Aubrey Boomer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ gbé lọ sí òkèèrè kò rí ilé wọ̀ mọ́. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìyókù Yúróòpù, ìgbà náà ni Seve Ballesteros àti Antonio Garrido, àwọn ará Spain, wọlé. Nítorí náà, òfin ti ọdún tí ẹ fẹ́ gbá ni kí ẹ kà, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àgbà kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó ìwé jọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkèèrè ní ẹ̀tọ́ sí orílẹ̀-èdè méjì láìmọ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú oyún wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní ti ilẹ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Houston jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nítorí ibi tí wọ́n bí i sí.

Ti London kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, bíbí síbẹ̀ nìkan kò tó: ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì tàbí kó ní àṣẹ ìgbé títí ayé nígbà ìbímọ náà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n bí i kì í ṣe ọmọ Bìrìtéènì lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ilé mìíràn. Bó bá gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè é sí ikọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyí.

Ẹ tún rí i pé orúkọ bára mu. Oluwaseun lórí ọ̀kan, Seun lórí èkejì, àti orúkọ bàbá tó yí sí àárín, ni wọ́n máa ń fi dá ìwé padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ta ló ti gbá fún rí?

Ibí yìí ló ń ká ọmọ lọ́wọ́ kò jù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ti ilẹ̀kùn tí yóò nílò ní ọmọ ogún ọdún.

Òfin Olympics fàyè gba ẹni tó ní ilẹ̀ méjì láti yan èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣojú ọ̀kan ní Olympics, ní eré ìdárayá kọ́ńtínẹ́ǹtì kan tàbí ti agbègbè kan, tàbí ní ìdíje àgbáyé tí àjọ eré náà fọwọ́ sí, kò lè ṣojú èkejì àfi kí ọdún mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ tó gbá kẹ́yìn fún ilẹ̀ àkọ́kọ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí páṣípọ́ọ̀tù tuntun jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ dín ọdún mẹ́ta náà kù, ìgbìmọ̀ Olympics orílẹ̀-èdè méjèèjì àti IGF gbọ́dọ̀ gbà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ IOC, àjọ Olympics àgbáyé, ni yóò sì fọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀ àkọ́kọ́ bá kọ̀, ẹ ó dúró pé.

Ti Sabbatini kò ní ìṣòro yìí: 2003 ti jìnnà sí 2021. Ti Rory McIlroy ló gba àròjinlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Northern Ireland lè jẹ́ ti Bìrìtéènì, ti Ireland, tàbí méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àlàáfíà ibẹ̀ ti ọdún 1998. McIlroy ti bá Graeme McDowell gbá World Cup fún Ireland ní 2009 àti 2011, ikọ̀ erékùṣù Ireland lódindi sì ló gbá fún láti kékeré. Ní 2014 ó kéde pé Ireland lòun yóò gbá fún ní Olympics. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tokyo àti ní Paris.

Tí wọ́n bá pe ọmọ yín sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ kọ ìwé sí àjọ náà kí ẹ tó gbà: ṣé ìdíje yìí wà lára èyí tó ń so ènìyàn mọ́ ilẹ̀? Ẹ gba èsì lákọsílẹ̀, ẹ sì pa á mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹgbẹ́ wo ló wà?

Fún ikọ̀ Yúróòpù ní Ryder Cup, jíjẹ́ ọmọ Yúróòpù kò tó. Agbágọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ DP World Tour, ẹgbẹ́ ìdíje àwọn ọkùnrin Yúróòpù. Sergio García, Ian Poulter àti Lee Westwood kọ̀wé fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2023 lẹ́yìn awuyewuye LIV, ìdíje tuntun tó ń bá ẹgbẹ́ náà du agbágọ́ọ̀fù, ẹ̀tọ́ wọn sí ikọ̀ tó gbá Ryder Cup ní Rome lọ́dún náà sì bá a lọ. Jon Rahm àti Tyrrell Hatton náà lọ sí LIV, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó ìtanràn tí ẹgbẹ́ bù fún wọn, wọ́n sì gbá Ryder Cup ní Bethpage, New York, ní 2025. Ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Sepp Straka jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Vienna ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Georgia ló sì dàgbà sí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Austria ló yàn, ó sì ti gbá Olympics àti Ryder Cup láti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé àyè wà?

Ẹ̀tọ́ láti gbá yàtọ̀ sí àyè láti gbá. Ọkùnrin 60 àti obìnrin 60 ni Olympics ń gbà. Àwọn tó wà nínú 15 àkọ́kọ́ lágbàáyé ń wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò lè ju mẹ́rin lọ láti ilẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, méjì ni òpin. Bryson DeChambeau gba US Open ní oṣù kẹfà 2024, kò sì lọ sí Paris, nítorí ará Amẹ́ríkà mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. Kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún ní àyè kan ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ọmọ South Africa bá ti wọlé, ti Áfíríkà ti kún nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ṣé ó ti ń fi gọ́ọ̀fù jẹun?

Eisenhower, Espirito Santo, Walker àti Curtis wà fún àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun nìkan. Láti 2022, irú wọn lè gba owó ẹ̀bùn tó tó £700 tàbí $1,000 nínú ìdíje tí a kò ti lo ìdíwọ̀n (handicap, iye tí a ń yọ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá tó), kò sì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba jù bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan wà ní Manchester, tí òbí rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, tó ní páṣípọ́ọ̀tù méjèèjì, tí kò sì tíì gbá fún ilẹ̀ kankan. Curtis Cup ṣí sílẹ̀ fún un láti ìhà Bìrìtéènì. Solheim Cup náà ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ iwájú, bó bá wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Yúróòpù. Fún Olympics, Bìrìtéènì tàbí Nàìjíríà ni. Bó bá gbá Espirito Santo fún England ní oṣù kẹwàá tí Nàìjíríà sì wá pè é, kí ó ka ọdún mẹ́ta láti oṣù kẹwàá yẹn, kí ó sì wò ó bóyá yóò pé kí wọ́n tó ti orúkọ àwọn olùdíje Olympics pa. Bí kò bá ní í pé, oṣù náà gan-an ni kí àjọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìyọ̀ǹda.