Ẹ Má Fi Ọ̀rá Bo Alámù Iná Lórí

Mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní London, mo gbójú sókè ní kọ́rídọ̀, mo rí ọ̀rá tí obìnrin fi ń borí wẹ̀ tí wọ́n gbé wọ alámù iná, ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá dé ibẹ̀. Èéfín epo ti sọ ọ̀rá náà di pupa rúsúrúsú. Wọ́n ní ó ń pariwo jù bí àwọn bá ń dín ata.

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń já mi láyà jù, òun àti yíyọ bátìrì. Ẹni tó ti sùn lọ kì í sábà gbóòórùn èéfín. Ariwo yẹn nìkan ló lè jí i.

Alámù ọ̀hún ò ya wèrè, ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ni kò bá a mu. Ẹ má fi èyí tó ń ṣọ́ èéfín sí kíṣìn. Èyí tó ń ṣọ́ ooru ló yẹ ibẹ̀: ó di ìgbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 58°C kó tó ké, èéfín ata ò sì kàn án. Ní Scotland, láti oṣù Kejì ọdún 2022, òfin ti sọ ọ́ di dandan bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé.

Bí epo bá ń rú, fèrèsé ni kí ẹ ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fúláàtì! Bí èéfín bá bọ́ sí kọ́rídọ̀ àjùmọ̀lò, ó lè jẹ́ alámù gbogbo ilé ni yóò dún, tí ìyá arúgbó òkè á máa sọ̀kalẹ̀ nínú òtútù.

Ẹ má kan èyí tó ń ṣọ́ èéfín sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ooru omi gbígbóná tó ń rú bí èéfín máa ń tàn án jẹ. Eruku náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ń ha ògiri, ẹ bò ó, kí ẹ sì ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó bá ti pé ọdún 10, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńkọ́? Nítorí ìpè asán tó pọ̀ jù, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn panápaná London kì í tẹ̀ lé ìpè alámù nìkan lọ sí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, láti aago 7 àárọ̀ sí 8:30 alẹ́. Ẹ má dúró síta kí ẹ máa retí wọn. Ẹni tó bá rí iná tàbí èéfín, kó pe 999.