Bí mo ṣe rí ìpàdé àwa tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ní Ìlọrin

Èèrà ló lé mi dé ọsibítù. Mo jókòó sídìí máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gàá Àkànbí, léèsì funfun oníbàárà kan wà níwájú mi, mo ń gbọn èèrà kúrò lára rẹ̀. Mo gbọn ọ́n, gbọn ọ́n. Ọmọṣẹ́ mi dìde, ó wo léèsì, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọ̀gá, èèrà wo?"

Kò sí èèrà kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí mo dá ọtí dúró fúnra mi nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, páráàgà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, torí tí n ò bá tíì mu ún, òwú kì í wọ ojú abẹ́rẹ́, àfi kí ọmọṣẹ́ bá mi fi í. Lọ́sàn-án, ọtí inú ọ̀rá. Tó bá di alẹ́, n kì í kà á mọ́. Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin sì nìyí, ojú pọ̀, inú ike omi ni mo máa ń da tèmi sí. Ìyá mi ti mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọ́n kọ hàǹtú fún mi. Mò ń mu hàǹtú láàárọ̀, mò ń mu páráàgà lálẹ́. N ò bú ààfáà o, èmi ni mò ń purọ́ fún wọn pé mo ti jáwọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré tí mo kọ́kọ́ yà sí, ẹni tó ń kọ káàdì bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó tún un sọ sókè: "Ọtí?" Gbogbo orí yí sí mi. Mo dìde, mo bọ́ síta.

Àǹtí mi ló fà mí lọ sí UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, lọ́jọ́ kejì. Dókítà ò bá mi wí. Wọ́n ní ẹni tí ọtí ti di bárakú fún kì í kàn dá a dúró lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á máa rí ohun tí kò sí, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, ó sì lè gba ẹ̀mí. Wọ́n fún mi ní oògùn tí à ń dín kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1. Tí ẹ bá ń mu bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró. Àmọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò yé dé lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé ta ni mò ń bá sọ ọ́. Mo ní kò sí. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ìtàn AA (Alcoholics Anonymous), ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, fún mi: ọ̀mùtí méjì ní Akron, Amẹ́ríkà, ní 1935, ọ̀kan jẹ́ dókítà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ó tó. Mo ní, "Ọ̀mùtí á wá gba ọ̀mùtí sílẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo wá a lórí fóònù. Ìpàdé orí Zoom pọ̀. Òmíràn, ẹnikẹ́ni lè wọlé, títí kan ìyàwó ẹni, òmíràn sì wà fún àwa tí ọtí ń dà láàmú nìkan. Mo mú ti aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ra dátà, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó yọjú. Àṣé aago mẹ́jọ New York ni! Oṣù keje la wà, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn, aago kan òru tiwa ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Mo jí lóru, mo pa kámẹ́rà, mo wọlé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òyìnbó wọn ń sáré, tí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín, n kì í mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbàyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí bàbá kan tó ń lọ sí ìpàdé AA ní Ìlọrin níbí. Bàbá pè mí: "Ẹ má sọ orúkọ bàbá yín fún mi o. Tiyín nìkan ti tó." Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, nínú kíláàsì ilé ìwé kan ní Tanke. N ò ní sọ ilé ìwé wo.

Kẹ̀kẹ́ gbé mi kọjá níbẹ̀ dé Òkè-Odò, òmíràn gbé mi padà, mo tún jẹ́ kó gbé mi kọjá. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà nígbà tí owó ń tán lọ. Ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan tó wọ híjáàbù. Bẹ́ǹṣì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀: orógbó ló fi ń pa òórùn ọtí lẹ́nu, títí ọmọ rẹ̀ fi rò pé orógbó ni ìyá òun ò lè ṣe kó má jẹ.

Ó kàn mí. Mo ní n ò ní nǹkan láti sọ. Wọ́n ní kò burú. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo kó tèmi jáde, orógbó mẹ́ta, mo tò ó sórí bẹ́ǹṣì.

Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.