Bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú kíbọ́ọ̀dù mi

Ẹsẹ kejì ni ọ̀rọ̀ orin ti máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹsẹ kìíní kì í dà mí láàmú, ègbè náà kì í ṣòro, àmọ́ tí mo bá ti kọ ègbè àkọ́kọ́ tán, tí ọwọ́ òsì ń wá kọ́ọ̀dù, tí ọwọ́ ọ̀tún ń ta orin, àfi kí n dédé máa hun "la-la-la" bí ọmọdé. Ìwé ni mo kọ́kọ́ ń lò. Fáànù gbé e lọ lọ́jọ́ kan, ó wọ abẹ́ àga, mo sì kọ ẹsẹ kìíní lẹ́ẹ̀mẹta gbáko. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tú ìwé ìlò kíbọ́ọ̀dù mi jáde nínú páálí tó ti ń sùn sí.

Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì nínú ìwé ìlò tiyín: Lyrics àti Text. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ohùn àti orúkọ kọ́ọ̀dù nìkan ni ojú kékeré rẹ̀ ń fi hàn, kò ní lè ṣe é, ẹ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn tó ní ojú gbàràmù, bíi Yamaha PSR-SX900 àti Genos, tàbí Korg Pa1000 àti Pa4X, ń ṣe é dáadáa.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ orin ń gbà dé ojú kíbọ́ọ̀dù. Èkíní ń gba inú fáìlì MIDI kọjá, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún kíbọ́ọ̀dù nóòtì tí yóò lù àti ìgbà tí yóò lù ú. Àyè wà nínú fáìlì náà fún ọ̀rọ̀, a sì lè so sílébù kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí nóòtì rẹ̀ ti ń dún, débi pé bí orin ṣe ń lọ ni àwọ̀ ọ̀rọ̀ ń yí padà. Irú rẹ̀ kan ni fáìlì .kar tí àwọn oníkaraókè ń lò. Nínú ìyẹn, àmì / ló ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, àmì \ ló ń nu ojú ẹ̀rọ mọ́ fún ojú ewé tó kàn. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ kọ orin náà sínú MuseScore, ètò tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sábẹ́ nóòtì, kí ẹ wá gbé e jáde bíi MIDI.

Ó dára fún ẹni tó ń jẹ́ kí fáìlì máa lù, tí òun ń kọrin lé e. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Fáìlì ò mọ ìgbà tí inú mi dùn. Tí ègbè bá dùn mọ́ àwọn èèyàn lára, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lè kọ ọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, fáìlì á sì ti dé ìparí orin kí n tó kúrò lórí ègbè.

Ọ̀nà kejì ni tèmi: fáìlì .txt lásán. Kò so mọ́ ìlù kankan. Ibi tí mo bá fi í sí ló ń dúró títí màá fi ṣí ojú ewé. Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ má lo Word, ohun tí Word ń kó pamọ́ sínú fáìlì kì í yé kíbọ́ọ̀dù.

Bí ẹ ṣe máa gé ìlà ló ṣe pàtàkì jù. Ibi tí ẹ ti ń mí ni kí ìlà parí sí. Ẹ wo orin kan tí mo kọ fúnra mi:

Òwúrọ̀ mọ́, mo jí sáyé,
ẹyẹ ń ké lórí igi.
Ìgbà mi dé, mo gbé igbá mi,
mo ń lọ sódò.

Èémí mẹ́rin, ìlà mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ìlà gígùn méjì ni mo fi ń kọ ọ́, ojú mi kì í sì í rí ibi tó yẹ kó padà sí lẹ́yìn tí mo bá wo ọwọ́ mi. Ègbè tí mo mọ̀ lórí, n kì í tún un kọ. Mo kàn ń fi "ÈGBÈ" síbẹ̀, ó tán.

Kọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ má tò ó sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìwé orin. Tí ìbú lẹ́tà ò bá dọ́gba, kọ́ọ̀dù á sún kúrò níbi tó yẹ kó wà. Inú ìlà gan-an ni mo ń kì í bọ̀: [C]Òwúrọ̀ mọ́, mo [F]jí sáyé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kọ gbogbo orin náà pé pérépéré, pálapàla ni mo bá lójú kíbọ́ọ̀dù: àpótí kéékèèké, àmì ìbéèrè, lẹ́tà tí n kò mọ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ò mọ̀ ju lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù lọ. Nínú ètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Latin-1, á àti à wà, é àti è wà, ó àti ò wà, bẹ́ẹ̀ náà ni í, ì, ú, ù. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò tiẹ̀ sí ń. Nítorí náà, ANSI, tó sún mọ́ Latin-1, ni mo ń yàn tí mo bá ń fi fáìlì pamọ́ nínú Notepad, kì í ṣe UTF-8 tó gba gbogbo lẹ́tà. Tí lẹ́tà kan bá wà tí kò lè wọlé, Notepad fúnra rẹ̀ á kìlọ̀. Orin mi wá di "Òwúrò mó, mo jí sáyé, eye n ké lórí igi". Kò dùn ún wò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà kẹta: "Ìgbà mi dé, mo gbé igbá mi" wọlé láìpàdánù àmì kan, ibẹ̀ gan-an ni n kò sì fẹ́ ṣì kọ. Ẹ fi fáìlì kan ṣoṣo dán tiyín wò kí ẹ tó tẹ ogún orin.

Ẹ kó àwọn fáìlì sórí fíláàṣì USB tí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti fọ́ọ̀màtì. Lórí Yamaha, ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ wá fi í pamọ́ mọ́ Registration Memory, ibi tí ẹ̀rọ ti ń tọ́jú ètò tí ẹ ṣe, pẹ̀lú ohùn àti ìlù orin ọ̀hún. Bọ́tìnnì kan á máa pe gbogbo rẹ̀ wá. Lórí Korg, inú SongBook, àkójọ orin inú ẹ̀rọ náà, lẹ ó ti so ó pọ̀. Tí ẹ bá ti so ó tán, ẹ má yí orúkọ fáìlì tàbí fólídà padà mọ́. Ibi tí ẹ fi í sí lẹ́rọ ń rántí, tó bá débẹ̀ tí kò bá a, òfìfo ni yóò gbé fún yín, níwájú èrò.

Pẹ́dàlì ni kí ẹ fi máa ṣí ojú ewé. Ẹ wá a nínú ibi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún pẹ́dàlì. Mo ti gbìyànjú láti fi ìka ṣí i rí, mo sì ṣèèṣì tẹ ìlù mìíràn mọ́ ọn.

Ìlà mọ́kànlá ló ń wọ ojú ẹ̀rọ mi pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, mẹ́wàá ni mo sì ń kọ. Ìlà kọkànlá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn, kí ẹnu mi ti mú un kí ẹsẹ̀ mi tó dé orí pẹ́dàlì.