Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe "2-ethylpentane"

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni orúkọ yìí fi dà mí láàmú. Wọ́n ya àwòrán mólékù kan, wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ nínú ìṣirò kẹ́místírì; mo pè é ní 2-ethylpentane (ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù márùn-ún, pentane, tí ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù méjì, ethyl, wà lórí ìkejì). Ìwé ìdáhùn ní 3-methylhexane ni. Mo kọ́ òfin IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò orúkọ kẹ́míkà, sórí, pàbó. Mo ka nọ́ńbà láti apá kejì, ó di 4-ethylpentane.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi rèé: mo fi pẹ́ńsùlù tọ ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù náà láti etí kan dé èkejì láì gbé ọwọ́. Etí mẹ́ta ló ní, nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni: kábọ́ọ̀nù 4, 5, 6. Èyí tó tẹ̀ kọ́rọ́ sísàlẹ̀, tí mo ti ń fojú fò látọjọ́ yìí, ló gùn jù! Hexane, ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, nìyẹn. Mo wá ka nọ́ńbà láti etí tó sún mọ́ ẹ̀ka: methyl, ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù kan, bọ́ sórí 3.

Alkane nìkan, èyí tí ìsopọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo so àwọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀, ni mo tíì dán an wò lórí rẹ̀ o. Bí double bond (ìsopọ̀ onílọ́po méjì láàárín kábọ́ọ̀nù) bá wà níbẹ̀, òfin mìíràn tún wọ̀ ọ́.